Ẹ Pààrọ̀ Ọkọ̀ Níbí

Wọ́n ní obìnrin kan wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, òun àti ọkọ rẹ̀ tí wọ́n ti jọ ń bọ̀ láti ìgbà tí eyín àwọn méjèèjì ṣì pé. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n dé ibùdókọ̀ tí rélùwéè àti ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ti pàdé, obìnrin yìí sọ̀kalẹ̀, ó fi ọkọ sílẹ̀ lórí pèpéle bí ẹní gbàgbé agboòrùn, ó mú òmíràn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n ní ìjọba ló fọwọ́ sí i. Wọ́n ní wọ́n tiẹ̀ kéde rẹ̀.

Ibi ìpàdé àdúrà àwọn ìyá ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́yìn àmín ìkẹyìn, lẹ́nu obìnrin tí kì í purọ́ àfi tí wọ́n bá bi í léèrè ọjọ́ orí. Mo ní irọ́ ni. Mo tún ní ayé ti bàjẹ́. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, nígbà tí à ń to àga padà, èmi yìí kan náà ni mo béèrè pé ọkọ̀ aago mélòó ni obìnrin náà wọ̀.

Ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni irọ́. Ìdajì tó kù, ẹnu obìnrin kan ló ti jáde, obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìtàn tirẹ̀ nìyí.

Ẹ Fara Balẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé ara tirẹ̀ balẹ̀ o. Òun ló ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ ní ibùdókọ̀ náà, gbogbo ìkéde tó bá sì ṣe, "Ẹ fara balẹ̀ o" ló fi ń bẹ̀rẹ̀, yálà ọkọ̀ pẹ́ ni tàbí ó yá, yálà òjò ń rọ̀ ni tàbí ọmọ sọnù. Àwọn ọmọ iléèwé a máa fi ohùn rẹ̀ ṣeré. Bí ìyá wọn bá ń bá wọn wí, wọ́n á di imú mú, wọ́n á ní, "Ẹ fara balẹ̀ o, ìyá tó ń bọ̀ yìí kì í dúró níbí."

Ẹ̀yìn ìlú ni ibùdókọ̀ náà wà, níbi tí ilé gíga ti ń dín kù, tí okùn ìsáṣọ sì ń pọ̀ sí i. Rélùwéè ń ti òkè bọ̀, ó ń kó àwọn ará ọ̀nà jíjìn wá. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ní tirẹ̀ a yọ orí jáde nínú ihò bí òkété tó fẹ́ wo ojú ọjọ́, a kó èèyàn sínú, a sì tún wọ ihò lọ. Kò sẹ́ni tó ń dágbére nílé pé ibùdó yẹn lòun ń lọ. Gbogbo ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, ibòmíràn ni ojú rẹ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí ohùn fi ṣe pàtàkì níbẹ̀ ju àga lọ. Ẹni tó ń kánjú kì í ka pátákó. Etí ló fi ń wá ọ̀nà.

Yàrá onígíláàsì kan wà lókè àtẹ̀gùn, ó dojú kọ pèpéle méjèèjì bí ẹyẹ tó bà lórí òrùlé. Inú rẹ̀ há débi pé bí Ẹ Fara Balẹ̀ bá fẹ́ sín, ó ní láti ṣílẹ̀kùn. Àga kan ló wà níbẹ̀, pátákó tí iná kéékèèké ń tàn lára rẹ̀ láti fi ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan dé hàn, àti gbohùngbohùn kan tó ní ọrùn gígùn bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Ó ń gbé kẹ́tù kékeré kan tó fi ń se omi tíì pamọ́ sí abẹ́ fìlà iṣẹ́ rẹ̀, nítorí òfin kò gba kẹ́tù láàyè níbẹ̀. Gbogbo ibùdókọ̀ ló mọ̀ pé kẹ́tù wà lábẹ́ fìlà. Fìlà ń rú èéfín láràárọ̀.

Ohun tí ilé iṣẹ́ ní kó máa wí kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ: ọkọ̀ wo ló ń bọ̀, ibo ló ń lọ, àti pé ẹni tó ń lọ sí ìgboro, kó pààrọ̀ ọkọ̀ níbí. Ṣùgbọ́n ẹni tí Ọlọ́run bá fún ní ẹnu, tí ìjọba sì tún fún ní ẹ̀rọ, ta ló máa dá a dúró sí gbólóhùn mẹ́ta?

"Ẹ fara balẹ̀ o. Ọ̀gbẹ́ni tó ń sáré, okùn bàtà yín ti tú. Awakọ̀ ti rí yín, ó ń dúró."

"Ẹ fara balẹ̀ o. Ìyá tó gbé àpótí pupa, ẹ gba ọwọ́ ọ̀tún. Àtẹ̀gùn tó ń dá rìn ń rìn lónìí, ẹ bá wa dúpẹ́."

Ọkọ rẹ̀ náà ará rélùwéè ni. Awakọ̀ ni. Ọkọ̀ tí ń ti òkè wá ní òwúrọ̀, òun ló ń wà á, kì í sì í pẹ́ kì í yá, débi pé àwọn tí ilé wọn wà lẹ́bàá irin a máa fi fèrè rẹ̀ gbé omi ẹyin kúrò lórí iná. Àtìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra wọn sọ́nà ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Bí Ẹ Fara Balẹ̀ bá kéde pé, "Ọkọ̀ ti dé," gbogbo àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì á dáhùn nísàlẹ̀ pé, "Ọkọ náà ti dé!" Yóò rẹ́rìn-ín, ọkọ rẹ̀ á sì fi fèrè kí i, fíìn, kúkúrú, ọ̀kan péré, nítorí ìlànà kò gbà ju ọ̀kan lọ. Ìfẹ́ ni wọ́n ń pe ìyẹn. Àwa tí ọkọ wa kò ní fèrè ńkọ́?

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ ìfẹ̀yìntì ọkọ dé. Wọ́n fún un ní aago ògiri, wọ́n gbá a mọ́ra, wọ́n dá a padà sílé.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó ti lo gbogbo ayé rẹ̀ lórí irin tó tọ́ gbọọrọ, bó bá dé ilé tí nǹkan kò tọ́ gbọọrọ, orí rẹ̀ kò lè gbà á. Ó ní bàtà kò gbọdọ̀ dojú kọra lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà funfun síwájú fíríìjì, ó ní kí wọ́n máa dúró lẹ́yìn ìlà títí ilẹ̀kùn yóò fi ṣí tán. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní oúnjẹ ń bọ̀, yóò wo aago ògiri, yóò ní, "Ó ti pẹ́ díẹ̀. Kí ló fà á?" Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè tí mo ń sọ yìí, Ẹ Fara Balẹ̀ ń sáré po tíì sínú fúláàsì tó fẹ́ gbé lọ síbi iṣẹ́. Ó na ọwọ́ síbi tí ṣúgà ti máa ń wà láti ìgbà tí wọ́n ti kó wọlé, ó bù, ó pò ó, ó dé e. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá wọn," ó ní, "mo ti to ilé ìdáná o."

"Ẹ ṣeun, Bàbá wọn. Ta ló bẹ̀ yín?"

"Iyọ̀ la ń lò jù, òun ló yẹ kó wà nítòsí. Ṣúgà ti lọ sí pèpéle kejì, apá òsì."

"Pẹpẹ ni wọ́n ń pè é! Pẹpẹ! Ṣé ilé ìdáná mi ti di rélùwéè ni?"

"Bó bá jẹ́ rélùwéè ni, ò bá ti débi iṣẹ́."

Ó wo aago ògiri, ó rí i pé òótọ́ ni. Ìyẹn ló tiẹ̀ dùn ún jù. Ó gbé fúláàsì, ó sáré jáde, kò sì rántí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti bu ṣúgà.

Ìgbà tó dé inú yàrá onígíláàsì tó mu ẹnu kan ló tó rántí. Iyọ̀! Iyọ̀ tó lè tọ́jú odidi ẹran fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó tu ú sínú aṣọ ìnujú, ó gbé fóònù, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí. Iyọ̀ ló wà níbi ṣúgà. Ìlà wà níwájú fíríìjì. Lánàá, mo ní kó bá mi mú ṣíbí, ó bi mí pé ṣé mo ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ pààrọ̀ ọkọ!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Ta ló fẹ́ gba àlòkù yẹn lọ́wọ́ ẹ? Lọ jókòó, àbúrò mi. Bóo bá pààrọ̀ ẹ̀, irú ẹ̀ náà ni wọ́n máa gbé fún ẹ, àwọ̀ ló máa yàtọ̀."

"Ẹ jẹ́ n pààrọ̀ ẹ̀ ná! Ẹ jẹ́ n—"

Iná pupa tàn lórí pátákó. Ọkọ̀ ń wọlé. Ẹ Fara Balẹ̀ ju fóònù sílẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, ẹnu rẹ̀ sì ń lọ lórí ọ̀nà tó ti wà tẹ́lẹ̀, bí ọkọ̀ tí kò tíì rí ibi tó ti máa yà.

"Ẹ fara balẹ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń lọ sí ìgboro, ẹ pààrọ̀ ọkọ níbí. Ọkọ tí ẹ bá wá yìí kò lọ síwájú mọ́. Ẹ má fi ẹrù yín sílẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀."

Ẹ̀rín bú jáde lórí pèpéle méjèèjì, ó gba abẹ́ òrùlé, ó gun àtẹ̀gùn, ó kan ilẹ̀kùn yàrá onígíláàsì kó tó yé obìnrin náà pé òun ni wọ́n ń rín. Àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan kígbe pé, "Àmín o!" Ọkùnrin kan tó ń ka ìwé ìròyìn pa á dé, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú ṣinṣin. Ìyá àgbàlagbà kan, tó ti ń bá ọkọ rẹ̀ jiyàn láti inú ọkọ̀ lórí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ilé, gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó kọjú sí ẹnu ihò.

"Níbo lò ń lọ?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí ìjọba wí ni? Ó dàbọ̀ o. Ẹ bá mi kí wọn nílé."

Ó wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀. Ọkọ rẹ̀ sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọ̀pá, ó gba ẹnu ọ̀nà kejì wọlé. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà ní àwọn méjèèjì fi ẹ̀yìn síra wọn, èjìká wọn sì ń gbọ̀n fún ẹ̀rín títí wọ́n fi dé ìgboro. Ìdajì tó jẹ́ òótọ́ nìyẹn. Àwọn tó kù lórí pèpéle ni wọ́n lọ fi irọ́ kún un.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Tirẹ̀ tiẹ̀ tún bọ́ sílẹ̀ níwájú èèyàn rẹpẹtẹ, ẹnì kan sì ti fi fóònù gba ohùn náà sílẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ilé iṣẹ́ ńlá tó wà ní ìgboro ti gbọ́.

Ọ̀gá ibùdókọ̀ gòkè wá. Ọmọkùnrin tó lè bá ọmọ kejì Ẹ Fara Balẹ̀ ṣe ẹgbẹ́ ni, táì rẹ̀ máa ń gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Kò burú. Ẹ̀rù àwọn ọ̀gá tirẹ̀ ló ń bà á, ẹ̀rù Ẹ Fara Balẹ̀ náà sì ń bà á, kò kàn mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ sá fún.

"Màmá," ó ní, "kí lẹ wí?"

"Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe wí i."

"Báwo ni mo ṣe wí i?"

Ọ̀gá la ẹnu láti sọ ọ́, ó rántí ipò rẹ̀, ó pa ẹnu dé. "Wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì láti gbọ́ tẹnu yín. Títí dìgbà náà, ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́."

Bó ṣe di pé Ẹ Fara Balẹ̀ lọ jókòó sínú yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù táwọn èrò gbàgbé sí nìyẹn, láàárín agboòrùn, bàtà ẹsẹ̀ kan, àti eyín àtọwọ́dá tó ń rẹ́rìn-ín sí i látinú ife. Kò jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á, mo sì mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Kì í ṣe orúkọ burúkú. Bí wọ́n bá gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, wọ́n á ní kó lọ sinmi nílé. Ilé! Lẹ́yìn ìlà ṣọ́ọ̀kì! Láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, òun àti ọkùnrin náà, aago ògiri ń wò wọ́n! Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, ó sì fẹ́ máa fẹ́ràn rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ kí òun máa rí i ní ọ̀sán.

Bàbá Ìbejì tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé gbohùngbohùn fún. Onísùúrù èèyàn ni, ohùn rẹ̀ nípọn bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú agbada, ṣùgbọ́n wọ́n ti kì í nílọ̀ débi pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà gan-an ti di ejò lẹ́nu rẹ̀. Ó pinnu pé òun kò ní pè é rárá. Ẹ Fara Balẹ̀ jókòó sáàárín agboòrùn, ó ń gbọ́ ọ lókè.

"Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń lọ sí ìgboro," ni Bàbá Ìbejì wí, òógùn sì wà nínú ohùn rẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ pààrọ̀ ohun tí ẹ wọ̀ wá."

Ohùn obìnrin kan ta láti orí pèpéle: "Kí ló ṣe ohun tí mo wọ̀?"

Ẹ Fara Balẹ̀ fi agboòrùn bo ojú, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde. Eyín inú ife ń bá a rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó délé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àga lójú fèrèsé. Fèrè iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi aṣọ nù ún. Ìlà ṣọ́ọ̀kì ti pa rẹ́ níwájú fíríìjì. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọkàn obìnrin náà já, nítorí ọkùnrin kì í nu ìlà rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá yá.

"Àwọn awakọ̀ pè mí," ó ní. "Mẹ́ta nínú wọn. Wọ́n ní ṣé wọ́n ti rí ẹlòmíràn fi dípò mi."

"Bàbá wọn—"

"Mo kàn ń béèrè ni. Ṣé lóòótọ́ lo fẹ́ pààrọ̀ mi?"

Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í.

"Iyọ̀ wà nínú tíì mi," ó ní.

"Iyọ̀?"

"Iyọ̀ tí ẹ gbé síbi ṣúgà. Mo mu ún, inú bí mi, mo pe ẹ̀gbọ́n mi, ahọ́n mi kò tíì kúrò lórí yín tí ọkọ̀ fi dé. Ọ̀rọ̀ yín ló ń ṣe mí. Bó bá jẹ́ pé mo fẹ́ pààrọ̀ yín lóòótọ́, ṣé ojú pèpéle ni màá ti kéde ẹ̀? Màá ti ṣe é ní jẹ́jẹ́."

Ọkọ rẹ̀ ronú sí i. "Òótọ́ ni," ó ní. "Ò bá ti ṣe é ní jẹ́jẹ́." Ara rẹ̀ yá díẹ̀. Ó tún béèrè pé, "Bí wọ́n bá gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹ ńkọ́?"

"Àwa méjèèjì la ó jọ máa jókòó síbí."

"Lójoojúmọ́?"

"Láti òwúrọ̀."

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n wo ilé ìdáná.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" ni àwọn méjèèjì wí lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn wọn sì ṣọ̀kan bí ẹní ti fi í kọ́ra. Ọkọ dìde. "Lọ́jọ́ Ẹtì, màá bá ẹ lọ. Ẹlẹ́rìí ni mí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi lọ."

Ó bá a lọ. Aṣọ iṣẹ́ àtijọ́ ló wọ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán. Nínú yàrá ọ̀gá ibùdókọ̀ ni wọ́n jókòó sí, tábìlì kan, àga mẹ́rin, fèrèsé tó kọjú sí pèpéle. Obìnrin tí ilé iṣẹ́ ńlá rán wá jẹ́ ẹni tó wọ gíláàsì ojú, ó sì ń já ètè rẹ̀ jẹ nígbà gbogbo, nítorí ó ti gbọ́ ohùn inú fóònù náà léraléra, ẹ̀rín sì ti ń pa á láti ìgboro wá.

"Ìyá," ó ní, "ọ̀rọ̀ yìí kò le. A kàn fẹ́ mọ ohun tí ẹ wí. Ṣé ọkọ̀ ni, tàbí…" Ó já ètè jẹ. "Tàbí èkejì?"

Ẹ Fara Balẹ̀ ní, "Ọkọ̀ ló wà lọ́kàn mi."

"Èkejì ni," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Má tẹ̀ mí mọ́lẹ̀, Ìyá wọn, èmi kì í purọ́ níwájú iléeṣẹ́. Ọkọ ló wí. Èmi sì ni ọkọ náà. Iyọ̀ ló fà á, èmi ni mo gbé iyọ̀ síbẹ̀. Bí ẹni tí wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀ kò bá bínú, kí ló kan iléeṣẹ́ ńlá?"

"Bàbá," ni ọ̀gá ibùdókọ̀ wí, "kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀. Gbogbo ọkọ tó wà lórí pèpéle ni."

"Ṣé ẹnì kankan nínú wọn wá fẹjọ́ sùn?"

"Kò sí."

"Ìyàwó wọn ńkọ́?"

"Àwọn yẹn wá dúpẹ́," ni ọ̀gá wí, ó sì kábàámọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Obìnrin onígíláàsì yára ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ ohun tí wọ́n rán òun. Bí Ìyá bá fẹ́ padà sídìí ẹ̀rọ, kó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì nínú ẹ̀rọ náà, kó ní, "A kò ní kí ẹnikẹ́ni pààrọ̀ ọkọ rẹ̀ o."

"Ọmọ mi," ni Ẹ Fara Balẹ̀ wí, "bí mo bá wí bẹ́ẹ̀, àwọn tí kò gbọ́ ti àkọ́kọ́ á gbọ́ tèyí. Wọ́n á ní ta ló ń pààrọ̀ wọn tẹ́lẹ̀?"

"Àbí kẹ́ ẹ yí gbólóhùn náà padà? Ẹ lè ní, ẹ pààrọ̀ rélùwéè níbí."

"Abẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe rélùwéè," ni ọkọ wí.

"Ó ń rìn lórí irin, Bàbá."

"Ọmọ ìyá kan náà kọ́! Ẹ ti wà á rí?"

"Ẹ jẹ́ ká ní, ẹ bọ́ sílẹ̀ níbí."

"Ẹni tó sùn lọ ńkọ́, tí kò bọ́ sílẹ̀?"

"Ẹ̀yin èèyàn!" Ọ̀gá ibùdókọ̀ fi ọwọ́ lu tábìlì, táì rẹ̀ rì sínú ife omi. "Ohun tí mo ń sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ọkọ tó bá ti wọ ibùdó yìí, a gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ń lọ, ìgbà tó máa kúrò, àti èyí tó máa rọ́pò ẹ̀!"

Obìnrin onígíláàsì kò lè já ètè jẹ mọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ Ẹ Fara Balẹ̀ na ìka sí ọ̀gá. "Òun náà ti wí i! Ẹ gbọ́ ọ! Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ náà!"

"Ọkọ̀! Ọkọ̀ ni mo wí!"

"Ọkọ lẹ wí, etí mi kò dí!"

Ẹ Fara Balẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n ń tún irin ṣe ní pèpéle kejì, ọkọ̀ òkè sì máa wọ pèpéle kìn-ín-ní lónìí. Ó wo ojú fèrèsé, ó rí i pé pèpéle kejì ni gbogbo èrò dúró sí, àwọn arúgbó, aláboyún kan, àti àwọn ọmọ iléèwé. Ohùn Bàbá Ìbejì wá látinú ẹ̀rọ.

"Ẹ jọ̀ọ́… ohun tí ẹ ń retí… ti gba ibòmíràn lọ."

Igbe ta lórí pèpéle. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù, wọ́n fẹ́ padà sílé. Àwọn mìíràn jókòó sórí àpótí, wọ́n káwọ́ lérí. Ilẹ̀kùn yàrá ṣí, Bàbá Ìbejì fúnra rẹ̀ dúró níbẹ̀, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ gbà mí lọ́wọ́ èyí. Wọ́n rò pé kò bọ̀ mọ́. Mi ò lè pe ọ̀rọ̀ yẹn, ó ti há sí mi lọ́fun." Ó sì fi kọ́kọ́rọ́ yàrá onígíláàsì sí i lọ́wọ́.

Ẹ Fara Balẹ̀ wo kọ́kọ́rọ́. Ó wo àwọn mẹ́ta tó wà nídìí tábìlì. Obìnrin onígíláàsì ti bọ́ gíláàsì, ó ń nu omijé ẹ̀rín, ó ń ní èdè yìí ni kí wọ́n pè lẹ́jọ́, kì í ṣe èèyàn. Ọ̀gá ń fún omi kúrò lára táì, ó ń búra. Ọkọ rẹ̀ ń ṣàlàyé ìyàtọ̀ abẹ́ ilẹ̀ àti rélùwéè, láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Lókèèrè, lójú irin òkè, fèrè kan dún, fíìn.

Ó dìde, ó gbé àpò rẹ̀.

"Màmá!" ni ọ̀gá kígbe. "A ò tíì parí! Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ọkọ̀ ti dé," ló dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà, kò sì wẹ̀yìn.

Ọ̀gá yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ohun tó wí?"

"Mo gbọ́. Ọkọ ló wí."

"Ọkọ̀ ni!"

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dákẹ́, mo gbọ́ ọ dáadáa," ni obìnrin onígíláàsì ń wí, "ohun tó wí ni pé…"

Ṣùgbọ́n Ẹ Fara Balẹ̀ ti wà lójú àtẹ̀gùn, kọ́kọ́rọ́ ń ró lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti ń tún ohùn ṣe.